Ṣé Kristẹni tó ń lọ sí Ojúde Ọba lè fi gbogbo ọkàn sin Ọlọ́run?

Bẹ́ẹ̀ ni. Bíbá régbérégbé ẹni, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà ẹni, jáde ní ọjọ́ kẹta Iléyá láti kí ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde kì í ṣe ìbọ̀rìṣà. Ohun tí Jésù béèrè nínú Máàkù 12:30, èyí tó fà yọ láti inú Diutarónómì 6:5, ni pé kí á fi gbogbo àyà, gbogbo ọkàn, gbogbo inú àti gbogbo agbára wa fẹ́ Ọlọ́run. Lójú tèmi, ẹni tó fi owó iléèwé ọmọ ra aṣọ ẹgbẹ́ ti ń fún ayẹyẹ ní àyè tí kì í ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó kúrò nínú ìsìn òwúrọ̀, tó forí lé ilé babaláwo lálẹ́, ni ìbéèrè Èlíjà nínú 1 Àwọn Ọba 18:21, pé títí di ìgbà wo ni ẹ ó máa ṣiyèméjì, ń bá wí gan-an.