Ṣé ó léwu kí n fi vape (sìgá oníbátìrì) sí ṣáàjì mọ́jú? Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo máa ń gbé e sí, ó sì máa ń gbóná.

Ó léwu gan-an, pàápàá bí ẹ ṣe ní orí bẹ́ẹ̀dì ló ti máa ń gbóná. Bátìrì lithium ló wà nínú rẹ̀. Bí ooru kò bá ríbi jáde, ó lè wú, ó sì lè gbiná. Orí tábìlì tàbí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ni kí ẹ gbé e sí, lójú yín, kí ẹ sì yọ ọ́ tó bá ti kún.

Ṣájà tó bá a wá ni kí ẹ lò. Níbí ní Àkúrẹ́, agbára ni iná máa ń bá dé. Ẹ ní sùúrù bí ìṣẹ́jú 5 lẹ́yìn tí iná bá dé kí ẹ tó fi í sí ṣáàjì.

Tó bá jẹ́ bátìrì 18650 (bátìrì lithium róbótó kan) tó ṣeé yọ, fóltì 4.2 ló ń kún sí. Ẹ máa wo ọ̀rá ara rẹ̀ dáadáa. Mo rí ọ̀kan ní Ọjà Ọba, ọ̀rá náà ya bí èékánná péré, ọmọkùnrin kan sì jù ú sápò pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. Irin kọ́kọ́rọ́ náà kan ibi tó ya, sòkòtò rẹ̀ jó, itan rẹ̀ bó. Inú ike tirẹ̀ ni kí bátìrì máa gbé, ẹ jọ̀ọ́.

Èyí tó bá ti wú, ẹ má lò ó mọ́, ẹ má sì jù ú sínú pàǹtírí tí wọ́n máa dáná sun.