Ẹ Bi Wá: Rẹ́kọ́ọ̀dù Tó Wà Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì, Ta Ló Ń Jẹ́ The Selecter?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó gbé ìlú òyìnbó fún ọdún gbọọrọ kó tó padà sílé ní Ṣàgámù ló di olóògbé, wọ́n wá ní kí n kó ẹrù inú yàrá wọn. Mo bá àpótí rẹ́kọ́ọ̀dù kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Haruna Ishola wà níbẹ̀, Ebenezer Obey wà níbẹ̀, Ayinla Omowura náà wà níbẹ̀, àfi ẹyọ kan ṣoṣo tó dá yàtọ̀, fọ́tò dúdú àti funfun, ọkùnrin kan fara ti ògiri bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n kọ The Selecter sí i, Too Much Pressure. Mo gbé e sórí ẹ̀rọ, mo kọ́kọ́ pè é ní rẹ́gẹ̀, àmọ́ ó ń sáré ju rẹ́gẹ̀ lọ, obìnrin ló tún ń kọ ọ́. Àwọn wo rèé, kí ló dé tí mi ò gbọ́ orúkọ wọn rí? (Ọmọ Rẹ́mọ, Ṣàgámù)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta àwo yẹn o, ẹ má sì fún àwọn tó ń kan rẹ́kọ́ọ̀dù mọ́ ògiri ṣe ọ̀ṣọ́.

Ska lorúkọ orin yẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ́gẹ̀ ni, inú ilé kan náà ni wọ́n ti jáde, ní Jàmáíkà, ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1950. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe ń rìn, ẹ fọwọ́ gbá tábìlì báyìí: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Ìgbà tí ọwọ́ yín bá ti kúrò lórí tábìlì tó ń lọ sókè, ibẹ̀ gan-an ni gìtá ska máa ń wọlé, ká! ká! ká! ká! Ìlù ń sọ tiẹ̀, gìtá ń dá a lóhùn láàárín, ẹsẹ̀ èèyàn ò ní lè dúró jẹ́ẹ́. Bẹ́ńdì The Skatalites ló gbé e délé délé ní 1964, ọdún yẹn náà ni ọmọdébìnrin kan tó ń jẹ́ Millie Small fi My Boy Lollipop dé ipò kejì lórí àtẹ orin tó ń tà jù ní Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó di nǹkan bí 1966, wọ́n fa ìlù yẹn lọ́wọ́ sẹ́yìn, ó di rocksteady, ìyẹn náà tún rọ̀ sí i, ó di rẹ́gẹ̀. Torí náà, bẹ́ ẹ ṣe pè é ní rẹ́gẹ̀ yẹn, ẹ ò jìnnà rárá.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí Coventry, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò ní Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí ọmọ àwọn ará Jàmáíkà àti ọmọ òyìnbó ti jọ dàgbà ládùúgbò kan náà. Ní 1979, Jerry Dammers tó jẹ́ ti bẹ́ńdì The Specials dá ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ 2 Tone, dúdú àti funfun ni gbogbo ẹ̀, bí bọ́ọ̀dù dráàfù, àwòrán ọkùnrin tó wọ kóòtù tó wà lára ẹ̀, Peter Tosh olórin rẹ́gẹ̀ ni wọ́n wò yà á. Gangsters ni Specials kọ́kọ́ gbé jáde. Ẹ yí rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn sódì kejì, orin kan wà níbẹ̀ tí kò lẹ́nu, ìlù, gìtá àti fèrè lásán, tí onígìtá kan tó ń jẹ́ Neol Davies àti onílù kan tó ń jẹ́ John Bradbury ti ká sílẹ̀ láti 1977. The Selecter ni wọ́n kọ sí i. Ní Jàmáíkà, ẹni tó ń yan rẹ́kọ́ọ̀dù tí wọ́n máa gbé sórí ẹ̀rọ lóde ijó ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ẹni tó di máìkì mú tó ń pariwo lé e lórí ni tiwọn ń jẹ́ dijéè, ó yàtọ̀ sí tiwa níbí. Orin yẹn wá ṣe dáadáa, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè The Selecter, bẹ́ẹ̀ kò sí bẹ́ńdì kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé! Àfi bí ẹni sọ ọmọ lórúkọ kó tó gbéyàwó. Ni Davies bá ń sáré káàkiri Coventry, ó ṣa èèyàn jọ, wọ́n di méje, òun nìkan ló jẹ́ òyìnbó láàárín wọn.

Obìnrin tẹ́ ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀ yẹn, Pauline Black, iṣẹ́ fọ́tò X-ray ló ń ṣe ní ọsibítù nígbà yẹn. Vickers ni orúkọ tó ń jẹ́ níbi iṣẹ́, ó wá mú Black fún orí ìtàgé. Ibi tí mo ń bọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ rèé o: ẹ̀jẹ̀ wa ni. 1953 ni wọ́n bí i ní Romford, ìyá ẹ̀ jẹ́ Júù ará Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ kékeré ni ìyá yẹn fúnra ẹ̀, bàbá ẹ̀ sì jẹ́ Yorùbá láti Nàìjíríà níbí. Àwọn òyìnbó ló gbà á tọ́. Ó ti di àgbàlagbà, ó ti kọrin kiri ayé, kó tó wá ibi tó ti ṣẹ̀ wá lọ. Mo máa ń rò ó pé ká ní ilé bàbá ẹ̀ ló dàgbà sí ńkọ́, ṣé kò ní jẹ́ wàkà ló máa kọ, ká máa ná owó sí i níwájú orí lóde ìnáwó? Àmọ́ kóòtù ọkùnrin àti fìlà ọkùnrin ló gbé wọ̀, tó ń fò lórí ìtàgé bí ẹni tẹsẹ̀ ẹ̀ wà lórí iná.

On My Radio ló gbé wọn dé ipò kẹjọ ní 1979. Ẹ gbọ́ ibi tó ti ń pe “radio” yẹn, ohùn ẹ̀ ń já sókè lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí èèyàn tẹ ẹ̀gún mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ò ní mọ ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀: orin yẹn ń bú redíò pé nǹkan kan náà ni wọ́n ń gbé sáfẹ́fẹ́ lójoojúmọ́, redíò yẹn náà ló tún wá ń gbé e sáfẹ́fẹ́. Oṣù kọkànlá ọdún yẹn, bẹ́ńdì mẹ́ta, Specials, Madness àti Selecter, wà lórí Top of the Pops, ètò orin orí tẹlifíṣọ̀n Gẹ̀ẹ́sì, lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tó di 1980, àwo tó wà lọ́wọ́ yín yẹn dé ipò karùn-ún.

Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò gbọ́ orúkọ wọn? Ṣé ẹ rí i, bí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ 2 Tone, Specials ni wọ́n á kọ́kọ́ dárúkọ, Madness á tẹ̀ lé e, Selecter á wá dà bí ọmọ ìyàwó kẹta lọ́jọ́ ìpín ogún. Méjì nínú wọn ti lọ kí wọ́n tó ṣe àwo kejì, Charley Anderson àti Desmond Brown. Àwo yẹn wá jáde ní 1981, Celebrate the Bullet. Ọlọ́run mi! Orúkọ yẹn ló pa wọ́n. Wọ́n pa John Lennon nínú oṣù kejìlá 1980, nígbà tó di oṣù kẹta 1981 wọ́n yìnbọn fún Ààrẹ Reagan ní Amẹ́ríkà, redíò wo ló máa gbé orin tó ní ká yọ̀ fún ọta ìbọn? Bẹ́ẹ̀ orin tó ń bu ẹnu àtẹ́ lu ìwà ipá ni, ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan máa mọ̀, àmọ́ orúkọ ni wọ́n kà, wọn ò gbọ́ orin. Tẹ́ ẹ bá bi mí, àwo kejì yẹn gan-an ni mo fẹ́ràn jù. Kò sáré tó tàkọ́kọ́, ìbànújẹ́ wà nínú ẹ̀, òjò ló dáa kéèyàn gbọ́ ọ sí. Mo mọ̀ pé àwọn kan ò ní gbà, ìyẹn kàn wọ́n.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, kí ló kàn wá pẹ̀lú ará Coventry? Haruna Ishola tiwa wà níbí, ẹ ò kọ nípa wọn tó. (Ọmọ Alárè, Ìjẹ̀bú-Igbó)

ÌDÁHÙN: Ọ̀rọ̀ yín ò burú, ó tiẹ̀ dùn mí díẹ̀. Bàbá Haruna ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, tó ṣe àwo Oroki Social Club ní 1971, ló gbé sítúdíò Phonodisk kalẹ̀ nílé níbẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn àwọn àwo ayé ìgbà yẹn, orúkọ Ìjẹ̀bú-Igbó wà lára wọn, ẹni tó ń kà á ní Lọ́ńdọ̀nù á máa wò ó pé ibo nìyẹn. 1983 ni bàbá yẹn lọ, Musiliu ọmọ wọn ló gba àpàlà, tó fi Soyoyo gbé e padà sóde fáwọn ọ̀dọ́.

Irú ohun kan náà ni mò ń wí. Àwọn Selecter tú ká, wọ́n padà ní àwọn ọdún 1990, ó tiẹ̀ débì kan tí wọ́n pín sí méjì, Davies ní tiẹ̀, Pauline ní tiẹ̀, orúkọ kan náà (ẹni tó bá mọ ìtàn àwọn bẹ́ńdì jùjú wa ò ní bèèrè bó ṣe rí). Pauline àti Arthur Hendrickson tí wọ́n ń pè ní Gaps ló jọ ń gbé e kiri títí Gaps fi kú ní 2024. Wọ́n ti fi OBE, oyè ìdálọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá Pauline lọ́lá. Lódì kejì òkun, bẹ́ńdì No Doubt tí Gwen Stefani ń kọrin fún, ska ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, obìnrin níwájú, ọkùnrin lẹ́yìn. Ẹni tó ti kọ́kọ́ la ọ̀nà yẹn lẹ rí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní Ṣàgámù.

ÌBÉÈRÈ: Rẹ́kọ́ọ̀dù mi ti ká kò bí àkàrà, ṣé ó ṣì máa sọ̀rọ̀? (Ìjẹ̀bú-Òde)

ÌDÁHÙN: Oòrùn ló ṣe é. Èmi náà gbàgbé Obey kan sínú búùtù mọ́tò lọ́jọ́ tá a lọ wo Ojúde Ọba, nígbà tá a fi jẹun tán tá a padà dé, abọ́ ló ti dà. Ẹ wá gíláàsì méjì tó tẹ́jú, irú ti wíńdò, ẹ fi sáàárín, ẹ gbé ìwé wúwo lé e lórí, ẹ fi sílẹ̀ fọ́jọ́ mélòó kan nínú yàrá tí kò tutù jù. Ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ o, ẹni kan dán an wò ládùúgbò wa. Tó bá dọ̀tí, omi àti ọṣẹ díẹ̀, aṣọ múlọ́múlọ́, ẹ nù ún yípo bí àbẹ́rẹ́ ṣe ń rìn, kí omi má kan pépà tó wà láàárín. Tó bá ṣì ń fò lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé owó ẹyọ kékeré kan lé orí àbẹ́rẹ́, àmọ́ kó má pẹ́ níbẹ̀, torí ó máa ń jẹ rẹ́kọ́ọ̀dù.