Ṣé mo lè fọ àwòrán abẹ́rẹ́ ọdún 1806?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Connecticut, ní Amẹ́ríkà, ni mò ń gbé. Mo ra àwòrán kan níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù olóògbé. Abẹ́rẹ́ àti òwú sílíìkì ni wọ́n fi ṣe é sára aṣọ: obìnrin kan ń sunkún nídìí ibojì. Wọ́n fi wúrà kọ orúkọ ọmọbìnrin kan àti "1806" sára dígí rẹ̀. Aṣọ náà ti pọ́n bí omi tíì. Ṣé kí n fi ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, omi ò gbọdọ̀ kàn án. Ẹ wo ojú obìnrin yẹn àti ojú ọ̀run dáadáa, ó ṣeé ṣe kí ẹ má rí òwú kankan níbẹ̀. Ọ̀dà olómi ni wọ́n sábà máa ń fi kun ibẹ̀. Olùkọ́ tàbí ayàwòrán tí wọ́n háyà ló sì máa ń ya ojú nígbà mìíràn. Bí omi bá dé ibẹ̀, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Nílé ìwé àwọn ọmọbìnrin ni irú iṣẹ́ yìí ti ń wá, bí èyí tí Sarah Pierce dá sílẹ̀ ní Litchfield, ní Connecticut yín níbẹ̀, lọ́dún 1792. Wọ́n ń kọ́ ìtàn àti jọ́gíráfì, wọ́n sì ń kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Nígbà tí George Washington, ààrẹ àkọ́kọ́ Amẹ́ríkà, kú ní December 1799, àwòrán ọ̀fọ̀ gbòde kan. Nítorí náà, ẹ má tíì bá ọmọ yẹn kẹ́dùn: àwọn kan fi ara ibojì inú àwòrán wọn sílẹ̀ láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i. Pálọ̀ ni wọ́n ń gbé e kọ́ sí, kí àlejò lè rí ohun tí owó ilé ìwé rà. Fáàrí wà níbẹ̀, lójú tèmi.

Òwú dúdú àti èyí tó ní àwọ̀ búráùn ló máa ń kọ́kọ́ jẹrà, torí irin tó wà nínú aró wọn ń jẹ sílíìkì. Ibi tó bá ti já, ẹ má rán an. Ẹ má sì pààrọ̀ dígí náà, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ ni wúrà yẹn wà. Aṣọ gbígbẹ ni kí ẹ fi nu iwájú rẹ̀. Ẹ gbé e kúrò níbi tí oòrùn ń dé.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pákó ẹ̀yìn férémù ló sọ aṣọ náà di pípọ́n, nítorí ásíìdì máa ń jáde lára igi. Ẹ wá ẹni tó ń tún aṣọ àtijọ́ ṣe, kó fi páálí tí kò ní ásíìdì sáàárín aṣọ àti pákó náà. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó ju pákó náà nù o: ibẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe férémù máa ń lẹ orúkọ ṣọ́ọ̀bù wọn mọ́.