Fún ẹni tó fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́: kọ́kọ́ lọ wo ẹnu túbù rẹ

Àbúrò mi, láti ìgbà tí mo ti rí ìbéèrè rẹ lọ́kàn mi ò ti balẹ̀. O ní ẹgbẹ́ kan fẹ́ kó ara wọn jọ gun kẹ̀kẹ́ láti Owódé ní Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, kí ẹ sì padà lọ́jọ́ kan náà, nínú ọyẹ́. O ní kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ni tìrẹ, o wá béèrè bóyá kí o pààrọ̀ táyà tó bá a wá tàbí kí o máa gùn ún lọ bẹ́ẹ̀. Màá dáhùn. Ṣùgbọ́n èmi náà ti bá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ rí, ọ̀nà yìí kan náà, ìgbà ọyẹ́ kan náà, jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Aago mẹ́fà ni wọ́n ní a máa gbéra. Àlejò pàtàkì kan ò tíì dé, òun ni wọ́n ní yóò gé rìbọ́ọ̀nù. Nígbà tó dé, ó sọ̀rọ̀, ẹlòmíràn tún sọ̀rọ̀, wọ́n ya fọ́tò. Aago méje àbọ̀ ti kọjá kí ẹsẹ̀ wa tó kan pẹ́dà. Títí di òní, inú ṣì ń bí mi. Àárọ̀ kùtù tí ara tutù, tí tírélà ò tíì pọ̀ lójú títì, wọ́n fi gbogbo rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkíni. Bí àwọn alákòóso tiyín bá ní àlejò ń bọ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n kó lọ dúró dè yín ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ọ̀nà náà tó nǹkan bíi kìlómítà 50 lálọ, iye yẹn náà lábọ̀. Má bá ẹnikẹ́ni sáré. Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ọ̀nà jíjìn lágbàáyé, ìrìn kìlómítà 200 tí wọ́n ń pè ní brevet, wákàtí 13 àbọ̀ ni wọ́n máa ń fún èèyàn láti parí rẹ̀. Ìyẹn ò tó kìlómítà 15 ní wákàtí kan, oúnjẹ àti ìsinmi sì wà nínú rẹ̀. Èmi ò mọ èyí nígbà náà. Mo lẹ̀ mọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó wà níwájú, ó sì rọ̀ mí lọ́rùn, nítorí ẹni tó bá wà lẹ́yìn ẹlòmíràn, ara ẹni iwájú ló ń gba afẹ́fẹ́ fún un. Láti ìhà àríwá ìlà-oòrùn ni ọyẹ́ ti ń fẹ́, ibẹ̀ gan-an sì ni Ògbómọ̀ṣọ́ wà sí Ọ̀yọ́. Àyà lo máa fi gbà á ní gbogbo àlọ. Nígbà tí a kọjá Odò Ọbà tí mi ò lè lé wọn bá mọ́, ńṣe ló dà bí ẹni pé ẹnìkan di kẹ̀kẹ́ mi mú lẹ́yìn.

Ibẹ̀ ni táyà ẹ̀yìn ti jò. Wáyà tín-ín-rín ni, irú èyí tó máa ń já bọ́ lára táyà tírélà tó bá bẹ́, etí títì kún fún un. Mo fa kẹ̀kẹ́ dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà kan lábẹ́ igi. Ó lẹ túbù náà, iṣẹ́ rẹ̀ dára. Nígbà tó fẹ́ fẹ́ ẹ, ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀ ò wọ ẹnu túbù mi. Àbúrò mi, oríṣi ẹnu túbù méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan nípọn bíi ti mọ́tò àti ọ̀kadà. Èkejì, Presta, tẹ́ẹ́rẹ́ bíi pẹ́ńsùlù kékeré, ó sì ní nọ́ọ̀tì kan lórí tí wọ́n máa ń tú kí atẹ́gùn tó lè wọlé. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tó ní táyà tẹ́ẹ́rẹ́, òun ló wà níbẹ̀. Ọkùnrin náà fi rọ́bà wé e, ó fi ọwọ́ dì í, atẹ́gùn ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú, ẹ̀rọ tèmi ò gbà á."

Bọ́ọ̀sì kan wà tó yẹ kó máa tẹ̀ lé ẹni tó kẹ́yìn. Inú rẹ̀ ni páǹpù wa wà. Mo pe alákòóso lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kò gbé e. Lẹ́ẹ̀karùn-ún, ó ní bọ́ọ̀sì ti gbé àlejò lọ síwájú, kí n ṣe sùúrù. Mo ṣe sùúrù láti aago mẹ́wàá títí oòrùn fi dé àárín orí. Ojú tì mí láti padà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn, mo ń ti kẹ̀kẹ́, tírélà ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń tì mí sí koríko. Ètè mi sán. Mi ò rí òógùn lára mi rárá, mo rò pé ara mi ò gbẹ. Irọ́ ni, ọyẹ́ ló ń gbẹ òógùn kí èèyàn tó rí i. Pajápajá mú mi lẹ́sẹ̀ méjèèjì, mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Awakọ̀ kan tó ru gààrí ló gbé èmi àti kẹ̀kẹ́ dé Ọjà Jagun ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kò gba kọ́bọ̀.

Ẹni tí wọ́n pè ní olùkọ́ wa ti sọ fún wa pé omi nìkan tó. Kò tó! Iyọ̀ ń bá òógùn lọ. Mo ti mu omi ọ̀rá mẹ́rin léra wọn, èébì ló fẹ́ gbé mi. Da omi ọ̀rá 50cl méjì pọ̀, fi ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà tó tẹ́jú sí i, àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀, kó o máa mu ún díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí ebi tó pa ọ́.

Bí táyà iwájú bá já sí etí ọ̀dà tó ti jẹ, má fà á padà lójijì, títì ló máa ju ẹ sí. Dín eré kù, kó o tó gùn padà. Má ki nǹkan orin bọ etí. Fi òrí pa ìdí àti itan dáadáa, má wọ pátá sábẹ́ ṣòkòtò kẹ̀kẹ́ tó ní tìmùtìmù, ojú rírán pátá ló ń bó èèyàn lára. Ní àbọ̀, ọyẹ́ á máa tì ọ́ lẹ́yìn, eré á pọ̀, nítorí náà yẹ bíréèkì wò kó o tó kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Táyà tó o béèrè: fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó bá ti sán wẹ́wẹ́, pààrọ̀ méjèèjì, nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ ni kó o rà. Bí kò bá sán, fi í lọ. Túbù méjì àti páǹpù ọwọ́ nínú àpò tìrẹ, kì í ṣe nínú bọ́ọ̀sì ẹnikẹ́ni.

Irin kékeré aláwọ̀ idẹ kan wà tí wọ́n máa ń dè mọ́ ẹnu Presta, tí ẹ̀rọ fọkanáísà á fi gbà á. Méjì wà lọ́wọ́ mi. Lọ wo túbù rẹ lónìí, bó bá jẹ́ ẹlẹ́nu tẹ́ẹ́rẹ́, kọ ọ́ síbí, màá fi ọ̀kan rán awakọ̀ tó bá ń bọ̀ ní Owódé.