Bọ́síkọ̀rọ̀ kì í ṣe aṣọ òkú, àbúrò mi

Lẹ́tà náà: “Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan nílùú Ògbómọ̀ṣọ́. Látìgbà tí mo ti bímọ, àwọn aṣọ mi kò gbà mí mọ́. Owó oṣù mi kò ju ₦45,000 lọ. Kí n lè múra bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, mo gba aṣọ mẹ́ta láwìn lọ́wọ́ ẹnìkan tó máa ń gbé ọjà wá bá wa níléèwé. ₦60,000 ni gbogbo rẹ̀, ₦12,000 ni mo ń san lóṣooṣù, ó sì ku oṣù mẹ́ta. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa bọ́síkọ̀rọ̀ ní ọjà Wazo. Àǹtí ọkọ mi rí mi níbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí aṣọ, ó sì délé wí fún gbogbo ẹbí pé aṣọ òkú ni mo ń wọ̀, pé mo ń ba ọkọ mi lórúkọ jẹ́. Ọkọ mi kò sọ nǹkan kan. Ojú ń tì mí. Ṣé kí n jáwọ́ ni? Bí mi ò bá sì jáwọ́, báwo ni mo ṣe lè máa ra èyí tó dára? Èmi ni, Ìyá Ọmọ.”

Ìyá Ọmọ, o kú ewu ọmọ o. Ọlọ́run á bá wa wò ó. Má jáwọ́.

Ọ̀rọ̀ aṣọ òkú yẹn ni kí n kọ́kọ́ mú, torí mo rí i pé òun ló dùn ọ́ jù. Kì í ṣe àǹtí ọkọ rẹ ló dá a sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Gánà, obroni wawu ni wọ́n ń pe aṣọ àlòkù wọ̀nyí, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òyìnbó ti kú. Ẹni tó rí aṣọ tó ṣì dára tó bẹ́ẹ̀ kò lè gbà pé alààyè ló bọ́ ọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n alààyè ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Amẹ́ríkà, ní Jámánì, àwọn èèyàn a máa kó aṣọ tí wọn ò fẹ́ mọ́ fún ẹgbẹ́ aláàánú, tàbí kí wọ́n jù ú sínú àpótí ńlá tí wọ́n gbé sí ẹ̀bá títì fún un. Ìwọ̀nba ni wọ́n ń rí tà lọ́hùn-ún. Àwọn oníṣòwò a fi kílò ra ìyókù, wọ́n a ṣà á, wọ́n a fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ di bélì, ìyẹn ìdì ńlá, ọkọ̀ ojú omi a sì gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Òkìrìkà tí à ń pè é, orúkọ ìlú kan ni lẹ́bàá Port Harcourt, níbi tí aṣọ wọ̀nyí ń gbà wọlé láyé ọjọ́un. Àwa Yorùbá la wá sọ ọ́ ní bọ́síkọ̀rọ̀, pé kí ẹni tó fẹ́ rà á bọ́ sí kọ̀rọ̀ kí ojúlùmọ̀ má baà rí i. Ìtìjú ti wà nínú orúkọ náà kí wọ́n tó bí ìwọ àti àǹtí ọkọ rẹ.

Ohun tó bà mí lẹ́rù nínú lẹ́tà rẹ, àwìn ni. ₦12,000 ju ìdá kan nínú mẹ́rin owó oṣù rẹ lọ, fún aṣọ mẹ́ta, ọmọ ọwọ́ sì wà nílé. Mo ti ṣe irú rẹ̀ rí. Mo gba léèsì láwìn fún ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi kan, oṣù méje ni mo fi san án, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo wọ̀ ọ́. Ní gbogbo oṣù méje yẹn, bí mo bá rí ìyá tó tà á fún mi lókèèrè, ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ni mo ń gbà. Ìyẹn gan-an ni à ń pè ní bíbọ́ sí kọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ní ẹ̀wù àgbàbọ̀, bí kò fún ni lápá, a ṣo ni lọ́rùn. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni í mu. Aṣọ àwìn náà, àgbàbọ̀ ni títí o ó fi san kọ́bọ̀ tó kẹ́yìn.

San èyí tó kù, má sì gba òmíràn. Láàrín oṣù mẹ́ta náà, inú àpótí ara rẹ ni kí o kọ́kọ́ ṣà kí o tó padà sí Wazo. Ìyàwó ilé wo nínú wa ni kò ní aṣọ ẹbí mẹ́fà, méje, tó wọ̀ lẹ́ẹ̀kan tó ká a pa mọ́ pẹ̀lú kánfọ̀? Ìró tí o ró lọ síbi ìnáwó, yáàdì méjì ó lé ni. Síkẹ́ẹ̀tì tó kọjá orúnkún dáadáa wà nínú rẹ̀. Bùbá gbooro, ìbímọ kò rí i mú: kí àránṣọ dín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó gé ọwọ́, ó di búláòsì iṣẹ́. Èyí tó sì fún ọ nínú àwọn aṣọ tí o rán kí o tó lóyún, ní kó yẹ ojú ìrán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò. Àwọn àránṣọ wa a máa fi aṣọ díẹ̀ sílẹ̀ nínú de ọjọ́ tí ara bá sanra. Wọ́n á tú u, yóò gbà ọ́. Aṣọ òkèèrè kì í sábà ní irú àfikún yẹn, nítorí náà, èyí tó bá fún ọ lọ́jà, àní bó jẹ́ díẹ̀, fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Ó wá kan ọjà. Mi ò ní fi pa mọ́ fún ọ pé aṣọ àlòkù wà lára ohun tí ìjọba Nàìjíríà kà léèwọ̀ láti kó wọlé. Ọ̀nà Kútọnu ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gbà dé ọjà Kàtàngówà l'Ékòó kó tó kàn wá níbí, ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi ń ga sí i nígbàkígbà tí ẹnubodè bá le. Mi ò ka ìwọ tí ò ń ra ẹyọ kan lórí àtẹ sí ọ̀daràn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí o mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú bélì, àwọn tó ń rà á lọ tún tà ló ń kọ́kọ́ ṣà, ojú owó sì ń ga. Lẹ́yìn wọn ni iye ń já wálẹ̀. Ṣe sùúrù dìgbà náà, ìwọ kò tún un tà.

Àárọ̀ ni kí o lọ, nítorí ìmọ́lẹ̀. Mo ra ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan rí lọ́jà nígbà tí ilẹ̀ ti ń ṣú. Mo délé, mo tan iná, abíyá rẹ̀ méjèèjì ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Mo rẹ ẹ́, mo bó o, mo sá a, kò kúrò. Òógùn tó ti gbó sínú aṣọ kì í jáde. Wo abíyá, wo inú kọ́là, wo ibi itan. Gbé aṣọ náà sókè kó kọjú sí oòrùn, ihò tí kòkòrò lu á hàn. Fa síìpù rẹ̀ lọ, fà á bọ̀, lẹ́ẹ̀mẹta.

O mọ̀ pé a máa ń wé ìbàdí ṣòkòtò mọ́ ọrùn, pé bí etí rẹ̀ méjèèjì bá kanra, yóò gbà wá. Má gbẹ́kẹ̀ lé e nísinsìnyí. Lẹ́yìn ìbímọ, ìbàdí ló ń gbooro, ọrùn kì í bá a lọ. Okùn tín-ín-rín kan ni kí o mú dání: fi wọn àyà, ìbàdí àti èjìká rẹ nílé, kí o so kókó síbi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ. Èjìká ni kó bá ọ mu jù. Ẹ̀gbẹ́ ṣeé dín, gígùn ṣeé gé, ṣùgbọ́n owó tí àránṣọ máa gbà láti tú èjìká kóòtù lè ju owó kóòtù lọ. Àwọ̀ méjì ni kí o dúró lé, kí síkẹ́ẹ̀tì méjì àti búláòsì mẹ́ta lè bá ara wọn mu. Ìmúra mẹ́fà nìyẹn, ọjọ́ márùn-ún sì ni iléèwé. Kóòtù àti súwẹ́tà, ìgbà ooru ni kí o rà á, kí ọyẹ́ tó dé tí gbogbo ayé á máa wá a.

Bí o bá rí èyí tó dára tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, fa fọ́nrán kan nínú ojú ìrán rẹ̀ kí o sun ún. Bó bá jó bíi bébà tó di eérú, òwú ni; gbé e lọ bá aláró, yóò mu aró dáadáa, yóò sì dà bí aṣọ tuntun. Bó bá yọ́ tó di kóro líle, má ṣe wàhálà, kò ní mu ún. Irú ìyẹn kì í sì í jẹ́ kí ara mí nínú kíláàsì tó móoru.

Pátá, kọ́mú, ìbọ̀sẹ̀: má rà á ní àlòkù láé. Gánà ti fòfin de pátá àlòkù láti 1994. Ohun tí o bá sì rà, má kó o pọ̀ mọ́ aṣọ ọmọ kí o tó fọ̀ ọ́. Fi omi gbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí o sá a sórí okùn nínú oòrùn, kí o wá fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́ tinú-tòde. Ojú ìrán ni ìdun ń sá sí, ìgbóná ló sì ń pa á, lọ́fíńdà kò ràn án. Má sá aṣọ sórí koríko rárá. Eṣinṣin kan wà tó ń yé ẹyin sára aṣọ tútù, ìdin rẹ̀ a sì wọnú awọ ara. Awọ ọmọ tìrẹ ṣì rọ̀ gan-an.

Àǹtí ọkọ rẹ ló kù. Ọkọ rẹ ni òun náà jẹ́, o ò sì gbọ́dọ̀ fèsì fún un láàrín ẹbí. Lọ bá a nílé rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kúnlẹ̀ kí i, kí o sọ ọ́ bó ṣe rí: “Òótọ́ ni, mà, bọ́síkọ̀rọ̀ ni. Gbèsè aṣọ wà lọ́rùn mi, mi ò sì fẹ́ dá òmíràn kún un.” Ó ṣòro láti fi ohun tí o ti fẹnu ara rẹ sọ ṣe ọ́ lẹ́sín.

Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ, mi ò rí ibi tí o ti sọ pé ó mọ̀ nípa ₦60,000 yẹn. Bí kò bá mọ̀, wo ohun tó wà níwájú rẹ̀: aṣọ tuntun mẹ́ta dé lójijì, kò mọ ibi tí owó rẹ̀ ti wá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún wá ń sọ pé ìyàwó rẹ̀ ń ṣa òkìrìkà lọ́jà. Ó lè jẹ́ pé kò rí ọ̀rọ̀ náà so pọ̀ ni kò fi fọhùn. Lálẹ́ òní, bí ọmọ bá ti sùn, sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan iye tó kù. Bí oṣù mẹ́ta bá sì pé tí o san án tán, kọ̀wé sí mi. Mo fẹ́ gbọ́.