Kámẹ́rà wo ló rí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi. Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà. Kámẹ́rà mẹ́rin ló wà nílé wa níbí, méjì sì wà nílé màmá mi ní Bódìjà, n'Ìbàdàn. Inú áàpù kan ṣoṣo ni gbogbo wọn wà, "Camera 1" títí dé "Camera 6" ni wọ́n ń jẹ́. Lóru Àìkú, ní nǹkan bí aago méjì, fóònù mi ké pé Camera 4 rí ohun kan tó ń rìn. Mo rò pé géètì màmá mi ni. Mo pè wọ́n lójú oorun, jìnnìjìnnì bò wọ́n, wọ́n jí gbogbo ará ilé. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló wọ ẹ̀yìnkùlé tiwa níbí! Màmá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mí gan-an. Báwo lẹ ṣe ń dá tiyín mọ̀? Èmi Ìyá Ìbejì.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ bá mi kí Màmá, ẹ ní mo ní wọ́n kú ewu. Houston lèmi wà, kámẹ́rà wà nílé mi níbí, ó sì wà nílé bàbá mi n'Ìjẹ̀bú Òde.

Ẹ kọ́kọ́ ya ilé méjèèjì sọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ áàpù ló ń gbà kéèyàn ní ju ilé kan lọ nínú rẹ̀. Ẹ kó méjì ti Màmá sí tiwọn, kẹ́ ẹ sì wo aago ibẹ̀ dáadáa: nígbà ooru, aago Lọ́ńdọ̀nù àti ti Nàìjíríà dọ́gba, tó bá di ìgbà òtútù, Nàìjíríà á fi wákàtí kan ṣáájú.

Lẹ́yìn náà, ẹ má méfò. Ẹ ṣí Camera 1 lójú fóònù, kí ọ̀kan nínú àwọn ìbejì máa lọ dúró níwájú kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan, kó na ọwọ́ sókè, kó ka ení títí dé ẹẹ́wàá, torí àwòrán máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé. Èyí tẹ́ ẹ bá ti rí ọwọ́ rẹ̀, òun náà nìyẹn. N'Ìbàdàn, kí ẹnì kan nílé bá yín ṣe é, kẹ́ ẹ jọ wà lórí fóònù. Bí méjì bá ń wo ojú kan náà, ẹ yọ iná ọ̀kan. Èyí tí áàpù bá ní kò sí mọ́ lẹ yọ yẹn.

Orúkọ ló wá kù. Ohun tí kámẹ́rà ń wò ni kẹ́ ẹ fi sọ ọ́, kì í ṣe ibi tí wọ́n gbé e kọ́. Tèmi kan wà lára fèrèsé kíṣìn, ìta ló sì kọjú sí. "Kitchen" la kọ́kọ́ pè é. Ìyàwó mi wà níbi iṣẹ́, fóònù ní èèyàn wà ní Kitchen, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ràn án mọ́. Ẹni tó ń pín lẹ́tà ni. "Ìta Mọ́tò" ló ń jẹ́ báyìí.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ tó yàtọ̀ síwájú: "Géètì Ìbàdàn", "Ẹ̀yìnkùlé Lọ́ńdọ̀nù". Bí "Ìbàdàn" bá ṣáájú, ojú fóònù lè gé ìyókù, ẹ ò sì ní mọ̀ bóyá géètì ni àbí ẹ̀yìn ilé. Ẹ má fi orúkọ ọmọ sọ ọ́. Àwọn ọmọ ń pààrọ̀ yàrá. Bí áàpù ò bá gba àmì ohùn, ẹ kọ ọ́ láìní àmì, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, Yorùbá ni kẹ́ ẹ fi sọ ọ́. Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, ibẹ̀ ló ti gbọ́ "ẹ̀yìnkùlé". Ó pe bàbá mi: "Bàbá, mo rí yín lẹ́yìnkùlé, ẹ ń bọ́ adìẹ." Bàbá mi ò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Bí áàpù yín bá lè ya èèyàn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹranko, ẹ ní kó máa ké fún èèyàn nìkan lóru. Tẹ́ ẹ bá ṣe gbogbo rẹ̀ tán, ẹ pe Màmá lọ́sàn-án, kí wọ́n rọra jáde sí géètì, kẹ́ ẹ sọ àwọ̀ ìró tí wọ́n ró fún wọn.