Ṣé ó léwu kí ẹni tó ń mutí lójoojúmọ́ dédé jáwọ́?

Ó léwu o, pàápàá fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n láàárọ̀ títí yóò fi mu ife àkọ́kọ́. Ọtí a máa tẹ ọpọlọ rì, ọpọlọ náà á wá máa sáré tagbáratagbára kó lè borí rẹ̀. Bí ọtí bá dédé kúrò, eré yẹn ò ní dúró. Láàárín wákàtí 6 sí 24, ara á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó, kò ní rí oorun sùn. Gìrì lè gbé e kí wákàtí 48 tó pé. Èyí tó burú jù, delirium tremens, sábà máa ń dé láàárín ọjọ́ 2 sí 4: á máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ara á gbóná, ó sì lè pa á.

Ọ̀dọ̀ dókítà ni kó ti jáwọ́. Diazepam tàbí chlordiazepoxide, àwọn oògùn tó ń mú kí ọpọlọ rọlẹ̀, ni wọ́n sábà máa ń lò, wọ́n á sì máa dín in kù lójoojúmọ́. Wọ́n á tún fún un ní abẹ́rẹ́ fítámì B1 kí wọ́n tó fa omi ṣúgà sí i lára, torí àìtó fítámì yìí lè ba ọpọlọ jẹ́. Lẹ́yìn náà, oògùn naltrexone lè dín òùngbẹ ọtí kù, àmọ́ ẹni tó ń lo tramadol, oògùn ìrora, kò gbọdọ̀ fẹnu kan naltrexone.